Omi Eérú, Sóbò, àti Ìdánwò Kúdí

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mú bírò. Bí ẹlòmíràn bá ń ròyìn ìlú òkèèrè, yìnyín ló máa ń kọ́kọ́ sọ, àti ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀, àti òyìnbó tí kì í kí ènìyàn láàárọ̀. Ìlú òkèèrè tèmi, Ìkòròdú ni. Mo rí ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ wá gbọ́ èyí tó tún ṣòro láti gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ: èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ kẹ́místrì ní yunifásítì, omi eérú àti sóbò ni mo fi kọ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan. Mo kọ́ ọ dáadáa. Mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọ ní àṣìṣe kan, tí mo dúró wò láti ojú fèrèsé, tí n kò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Kétu ni wọ́n bí mi sí. Nígbàkigbà tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìkòròdú, wọn á ní, "Kétu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Máìlì Tuẹ́ẹ̀lì? Ilé yín ò mà jìnnà rárá." Èmi á ní rárá, Kétu Alákétu ni mo ń wí, ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní òdìkejì ibodè. Ojú wọn á yí padà díẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n, ará Kútọnu ni yín." Ọdún mẹ́rin péré ni mo lò ní Kútọnu, nítorí ìwé, àmọ́ kí n tó ṣàlàyé tán, orúkọ ti mọ́ mi lára. Bàbá onílé mi ní àdúgbò Lásùnwọ̀n ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọmọdé inú ilé ti ń kí mi ní "Ẹ káàárọ̀ o, Bọ̀ọ̀dá Kútọnu," tí mo sì ń dáhùn bí ẹni pé orúkọ tí bàbá mi sọ mí nìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, àwọn náà sì gbọ́ tèmi, síbẹ̀ àlejò ni mí. Mo ti rò pé èdè ni ìwé ìrìnnà. Bí mo bá ní kí ìyá oníyán bù ú sí i, á gbọ́, á sì bù ú, á wá bojú wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Gbọ́ bó ṣe ń fà á." N kò mọ̀ pé mò ń fa nǹkan kan. Ní Kétu, èmi ni mò ń gbọ́ bí àwọn ará Nàìjíríà ṣe ń já a.

Ìyàlẹ́nu kejì le ju ìyẹn lọ. Faransé ni mo fi kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ilé ìwé aládàáni kan ní Ìkòròdú ní kí n wá dán iṣẹ́ wò fún ọjọ́ kan. Mo dúró síwájú kíláàsì, mo ní azóòtì ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni azóòtì?"

"Èyí tí o mí sínú kí o tó béèrè ni."

"Nàítírójìn nìyẹn, sà."

Kí wọ́n tó lu aago ìsinmi, mo ti di Ọ̀gbẹ́ni Azóòtì. Olówó ilé ìwé náà, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó gbé ìwé ẹ̀rí mi sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn. "Ìwé yín dára," ó ní, "ó tilẹ̀ rẹwà. Àmọ́ ta ló máa kà á?" Ó dá a padà fún mi tọwọ́tọwọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun fún ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orí mi ń fi Faransé ṣírò, ẹnu mi ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ọkàn mi á sì máa fi Yorùbá bẹ̀rù pé ó lè má rí bẹ́ẹ̀.

Etí omi Ìpakodò ni mo ti rí iṣẹ́. Mò ń pín jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi, mo sì ń gbà á padà lọ́wọ́ àwọn tó bá gúnlẹ̀. Obìnrin kan kò fẹ́ wọ tirẹ̀, ó ní á fún léèsì òun pọ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ara ènìyàn àti omi fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà, pé ohun kékeré ló ń mú ni rì, ohun kékeré náà ló sì ń gbé ni léfòó, pé jákẹ́ẹ̀tì yìí ni ohun kékeré náà. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ gbogbo èyí, kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

Mo na jákẹ́ẹ̀tì náà sí i. Ó wọ̀ ọ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Bí lẹ́sìnnì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: ìyá ọlọ́ṣẹ tó wà ní yàrá kejì sí tèmi ní ọmọ kan, Báyọ̀nlé, ọmọbìnrin tí kì í sinmi ẹnu. Ó gbé ìwé ìbéèrè kan wá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Òkúta kan já láti orí ilé gíga, ó gba ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó dé ilẹ̀. Báwo ni ilé náà ṣe ga tó?

Mo ní, "Bí òkúta bá ń já, eré rẹ̀ ń fi mẹ́wàá lé sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó dé ogún. Ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, mẹ́wàá ni eré rẹ̀. Mẹ́wàá lọ́nà méjì?"

"Ogún mítà. Ta ló jù ú?"

"Kò sẹ́ni tó jù ú. Ó já fúnra rẹ̀ ni."

"Bọ̀ọ̀dá Kútọnu, ní Lásùnwọ̀n yìí, òkúta kì í dédé já. Ẹnì kan wà lókè yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ibùdókọ̀ Benson, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń tẹ́ ìwé sórí ọ̀rá lẹ́bàá títì, mo ra ìdìpọ̀ ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, ti físíìsì àti ti kẹ́místrì. Mo fi wọ́n kọ́ ara mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ mẹ́ta wá, wọ́n di mẹ́fà, wọ́n di mọ́kànlá. Kọ́rídọ̀ ilé wa di kíláàsì. Bàbá onílé gbé àga rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láti máa gbọ́, ó ní òun kàn ń gba afẹ́fẹ́ ni.

Ìyá mi ní Kétu kì í béèrè lórí fóònù bóyá mo ti ní ilé tàbí ọkọ̀. "Kí lo kọ́ wọn lónìí?" ni ìbéèrè tirẹ̀. Ó lè jẹ́ pé mo kọ́ wọn ní ìdí tí ọmọrí ìkòkò fi ń jó bí omi bá ń hó. Èmi á bi í bóyá ó mọ ìdí rẹ̀.

"Nítorí pé wọn kò tíì dín iná kù," á ní.

Èmi á sọ fún un pé òtítọ́ ni, pé ó kàn kù díẹ̀. A ó jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, mo máa ń gbọ́ adìyẹ rẹ̀ nínú àgbàlá, adìyẹ tí kò mọ ohùn mi. Bí mo bá délé fún ọdún, àwọn ọmọ àdúgbò á ní, "Ará Nàìjíríà ti dé." Ẹ ò rí i pé ibi méjì ni mo ń gbé, ibi méjèèjì sì gbà pé ibì kejì ni mo ti wá.

Alhájà, ìyá ìyá ọlọ́ṣẹ, ló gbé mi dé Ẹ̀pẹ́. Ó wá kí ọmọ rẹ̀ ní Lásùnwọ̀n, ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi nínú kọ́rídọ̀, ó fi ọwọ́ lẹ́rán títí mo fi ṣe tán.

"Ṣé ẹ̀yin ni tíṣà tí wọ́n ní ó máa ń bá òkúta rojọ́?"

"Èmi ni, Alhájà."

"Mo ní ọmọ-ọmọ kan fún yín, ọmọ ọmọ mi ọkùnrin. Kúdíràtù lórúkọ rẹ̀. Ọmọ yìí gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Gbogbo ìdánwò ló yege lọ́dún tó kọjá, àyàfi kẹ́místrì. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò sì ní gbà á láìsí kẹ́místrì. Bàbá rẹ̀ ti ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù. Bí kò bá bọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí, kó wá bá ẹ̀gbọ́n òun nídìí ààrò ẹja."

"Ẹja yíyan kì í ṣe iṣẹ́ burúkú, Alhájà."

"Ta ló pè é ní burúkú? Òun ni mo fi tọ́ bàbá rẹ̀. Ẹ wo ojú mi bí èéfín ti ṣe é." Ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀ kí n rí bó ti pọ́n tó. "Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé."

Kúdí jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ga, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo bi í ní ìbéèrè ogún, ó dáhùn méjìdínlógún. Mo ní kí wá ló dé lọ́dún tó kọjá.

"Práktíkà ni, sà. Ọjọ́ ìdánwò gan-an ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan búrẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

Ilé ìwé wọn ní láàbù kan ṣoṣo, tí wọ́n máa ń ṣí bí ìdánwò bá kù dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan á ṣe é, ogójì á máa wò ó. Mo wá mọ iṣẹ́ mi: orí ọmọ yìí ti kàwé, ọwọ́ rẹ̀ ló kù. N kò ní búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì alámì tí a fi ń kán ásíìdì, n kò ní ásíìdì, n kò ní láàbù. Àmọ́ mo ti kọ́ ní Ìkòròdú pé a kì í dúró de ohun tí a kò ní.

Nọ́ọ̀sì kan tí mò ń kọ́ ọmọ rẹ̀ fún mi ní ọ̀pá ike dríìpù tuntun, èyí tó ní kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń dín ẹ̀kán omi kù. Mo so ó kọ́ okùn aṣọ nínú àgbàlá Alhájà, mo rọ omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Ìyẹn ni ásíìdì wa, nǹkan kíkan. Eérú ààrò ẹja ni mo rẹ sínú omi, tí mo sì sẹ́. Omi náà ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Ìyẹn ni òdìkejì ásíìdì. Iṣẹ́ ọmọ ìdánwò ni láti máa kán ásíìdì sínú omi eérú títí wọn yóò fi pa ara wọn lẹ́nu mọ́, kó sì mọ iye tó kán. Àmọ́ ojú kò lè rí ìgbà tí wọ́n pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Ohun kẹta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí á máa yí àwọ̀ padà láti sọ ọ́ fún wa. Indíkétọ̀ ni wọ́n ń pè é, a sì máa ń kán an sí i ká tó bẹ̀rẹ̀. Mo lo sóbò. Bí ó bá wọ omi eérú, á di àwọ̀ ewé. Bí ásíìdì bá ti borí, á pọ́n.

Sátidé àkọ́kọ́, mo gbé ìgò sóbò mi sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀, mo wọlé lọ kí Alhájà. Nígbà tí mo jáde, ìgò ti ṣófo. Àwọn àbúrò Kúdí mẹ́ta dúró tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ètè wọn pọ́n.

"Tíṣà," àgbà wọn ní, "sóbò yín kò dùn. Ẹ kò fi ṣúgà sí i."

Sátidé kejì, mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n rí i. Láti Sátidé kẹta, mo wá ọgbọ́n dá. Kí n tó wọ inú ilé, níta gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, mo máa ń da sóbò sínú omi eérú tí mo gbé wá, fúnra mi. Ta ló máa mu omi eérú? Bí mo ṣe ń wọlé, gbogbo rẹ̀ ti di omi àwọ̀ ewé kan ṣoṣo nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo yin ara mi. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi yin ara mi.

Kúdí mọ̀ ọ́n ṣe débi tí ó ń wù mí láti máa wò ó. Á bu omi àwọ̀ ewé láti inú kẹ́ẹ̀gì, á tú kẹ̀kẹ́ dríìpù díẹ̀, á máa yí ife lọ́wọ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn. Alhájà á fa àga rẹ̀ súnmọ́ wa.

"Tíṣà, ẹ̀kán kan ṣoṣo ló ń yí i padà báyìí?"

"Ẹ̀kán kan ṣoṣo, Alhájà."

"Kò yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe lé wa kúrò l'Ékòó nígbà yẹn." Ìdílé wọn wà lára àwọn tó bá ọba kan sá wá sí Ẹ̀pẹ́ láyé àwọn baba ńlá baba wọn, wọ́n sì ń pè wọ́n ní ará Èkó níbẹ̀ títí dòní. Mo bi í bóyá kò máa ń dùn wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín mi. "Kí ló máa dùn wá? Ẹni tí kò bá mọ ibi tó ti wá ló yẹ kó máa dùn. Ẹ̀yin ẹ ṣì wà ní ọdún kẹjọ. Ẹ máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi lọ sí Ìkòròdú. Nínú mọ́tò, láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìtòìkín, mò ń rò ó pé bóyá a kì í di ọmọ ibì kan rárá. Bóyá àwọn ènìyàn kan kàn máa ń mọ́ ni lára ni, bí Kúdí ṣe mọ́ mi lára, tó fi jẹ́ pé bí Sátidé bá ti ń bọ̀, ara mi a yá gágá bí ẹni ń lọ sílé.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn ṣáájú ìdánwò, mo pè é jókòó. Mo ní, "Omi tí wọ́n máa fún ọ níbẹ̀ kò ní ní àwọ̀ bíi tiwa. Á mọ́ gaara bí omi ẹ̀rọ. Má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù." Òtítọ́ ni mo sọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ práktíkà, Alhájà bẹ̀ mí kí n tẹ̀lé e dé ilé ìwé, nítorí ọmọ náà kò jẹun. Mo ra ẹ̀pà fún un lọ́nà, ó jẹ ẹyọ mẹ́rin. Ó wọlé ní agogo mẹ́sàn-án. Mo dúró lábẹ́ igi furúùtù kan tó wà lẹ́yìn láàbù, ibi tí mo ti lè máa wo inú láti àárín gíláàsì fèrèsé. Alábòójútó ìdánwò kan tó dé fìlà yọjú sí mi.

"Ọ̀gá, ta ni yín?"

"Ọmọ kan ni mo sìn wá."

"Ṣé tíṣà ibí ni yín?"

"Rárá o. Àlejò ni mí."

"Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn, ẹ má sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹni tí a bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ìwé ọmọ rẹ̀ ni a máa fagi lé."

Mo ní mo ti gbọ́.

Orí bẹ́ǹṣì tó kángun sí fèrèsé ni Kúdí wà. Mo rí i tó ń ka ìwé ìbéèrè, ètè rẹ̀ ń mì. Ó rọ ásíìdì sínú búrẹ́ẹ̀tì, ó yọ fọ́nẹ̀lì kúrò lórí rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó wọn omi kejì sínú ìgò ẹlẹ́nu tóóró, ó mọ́ gaara. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ẹ ò mọ bí orí mi ṣe wú. Mo fẹ́ wá ẹnì kan sọ fún pé, ẹ wo ọwọ́ yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ.

Àwọn tó kù ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sí tábìlì àárín, níbi tí ìgò kékeré kan wà. Wọ́n ń fà á, wọ́n ń kán an sínú tiwọn, tiwọn sì ń di yẹ́lò. Kúdí kò dìde. Ó ṣí ẹnu búrẹ́ẹ̀tì, ásíìdì bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Ibẹ̀ ni ohun tí mo ti ń ṣe láti oṣù márùn-ún wá dé bá mi. Mo ti kọ́ ọ ní orúkọ indíkétọ̀ mẹ́ta àti àwọ̀ wọn gbogbo, á sì kà wọ́n fún yín lójú oorun. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò kán an sí nǹkan rí. Èmi ni mò ń bá a kán an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, nítorí ọmọ mẹ́ta tó fẹ́ràn sóbò. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ohun tí mo kọ́ ọ gan-an, ní títò, láìfo ọ̀kan. Bí omi náà sì ṣe mọ́ gaara, kò bà á lẹ́rù. Mo ti sọ fún un pé kó má bà á lẹ́rù.

Ó ń yí ìgò náà lọ́wọ́. Ó ń wò ó. Ó mọ́ gaara. Ásíìdì kọjá àmì ogún lára búrẹ́ẹ̀tì, ó kọjá ọgbọ̀n. Tí ó bá kán an sí i nísinsìnyí, á ṣì lè tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkókò ṣì wà. Mo ṣírò rẹ̀, nítorí pé ìṣirò nìkan ni mo lè ṣe: àárín èmi àti òun kò ju mítà méje lọ. Ohùn ń rin nǹkan bí òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu mi á dé etí rẹ̀ láàárín ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá. Ìdáhùn náà tọ̀nà. Kò wúlò fún nǹkan kan.

Bí mo bá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, alábòójútó á gbọ́. Bí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá, yóò gbọ́ ọ dáadáa jù. Èdè kan wà lẹ́nu mi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ní gbogbo ọgbà yẹn, Kúdí náà kò sì gbọ́ ọ. Mo rò ó kí n wú ikọ́. Kí ni ikọ́ máa sọ? Mo rò ó kí n na ìka sí tábìlì àárín. Ọkùnrin onífìlà náà ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, ó sì ní sùúrù.

Búrẹ́ẹ̀tì ṣófo. Kúdí gbójú sókè, ó rí mi. Mo mú ojú mi le bí ògiri, mo tilẹ̀ rò pé mo ṣe é dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó tún rọ ásíìdì mìíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Nígbà tó jáde, mo ní, "Báwo ni?"

"Ó ti parí, sà," ó ní. "Ẹ ṣeun tí ẹ dúró."

N kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi í lé Alhájà lọ́wọ́, mo kọ oúnjẹ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún mi, mo wọ mọ́tò. Nínú mọ́tò ni mo ti pe ìyá mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé o gbàgbé láti sọ fún un ni?"

"Mo sọ fún un, Ìyá. N kò jẹ́ kó ṣe é fúnra rẹ̀ ni."

"Bí o bá sọ ọ́ fún un báyìí ńkọ́?"

"Ìdánwò ti parí."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yìí ti ju èyí tí mo mọ̀ lọ," ó ní. "Ṣé o ti jẹun?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣì ń fọ ẹnu lẹ́yìnkùlé nígbà tí Bàbá onílé kígbe pè mí pé àlejò wà níta. Alhájà ló jókòó sí kọ́rídọ̀, ó wọ aṣọ àtàtà bí ẹni ń lọ ìsìn ọdún. Kúdí dúró tì í pẹ̀lú agbọ̀n ẹja àrọ̀ yíyan lórí. Wọ́n ti gbéra ní Ẹ̀pẹ́ láti ìdájí.

"Bàbá onílé, ẹ wo ọkùnrin yìí dáadáa," Alhájà ń wí. "Oṣù márùn-ún. Kò pa Sátidé kan jẹ. Ọmọ dé lánàá, ó ní gbogbo bí tíṣà ṣe kọ́ òun ni òun ṣe é."

"Àwa náà mọ̀ pé ẹni gidi ni," Bàbá onílé dáhùn. "Tíṣà, ẹ gba ẹja lórí ọmọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́jọ. Mo gba agbọ̀n náà, mo gbé e lọ sí ilé ìdáná. Kúdí tẹ̀lé mi, ó bá mi tún un gbé kalẹ̀ kí èèrà má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Sà," ó ní, kò gbójú sókè, "n kò kán indíkétọ̀ sí i."

"Mo mọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Nígbà tí mo rọ ìkejì tán ni mo wá rántí bí ojú yín ṣe rí. Wọ́n ti ní ká gbé bírò sílẹ̀."

"Kí lo wá kọ?"

"Ohun tí mo rí. Mo kọ ọ́ pé mo da gbogbo rẹ̀, àwọ̀ kò yí. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n wo tòun. N kò wò ó."

"Ẹ̀bi mi ni, Kúdí."

"Ó kan èmi náà, sà. Ó wà nínú ìwé ìbéèrè, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Alhájà. Ó di ìgbà tí èsì bá jáde. Inú wọn kò dùn báyìí rí láti ọdún tó kọjá."

Mo fi ọmọrí bo agbọ̀n ẹja náà.

"Kúdí," Alhájà pè láti kọ́rídọ̀, "kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn? Ẹ wá, kí n gbàdúrà fún tíṣà."

A jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, Kúdí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá ọlọ́ṣẹ jáde, Báyọ̀nlé jáde, àwọn ayálégbé yòókù dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn. Alhájà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ó ní Ọlọ́run tó mú mi la ibodè kọjá wá sọ́dọ̀ àwọn kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ mi já sí asán. Ó ní bí òun ṣe ń rí ọmọ yìí nínú aṣọ funfun nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni ojú gbogbo wa yóò ṣe rí i. Gbogbo ilé ṣe àmín. Kúdí ṣe tirẹ̀ ketekete, ó ga ju ti gbogbo wọn lọ, ó wá yíjú sí mi, ó ń dúró de tèmi.

Mo ṣe àmín.